Étude d'impact: àtòkèèrè la ti ń wò ó

Igi gógóró má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó. Bí wọ́n bá fẹ́ la ọ̀nà tàbí sé odò, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe étude d'impact, ìyẹn ìwádìí nípa ohun tí iṣẹ́ náà máa ṣe sí ilẹ̀, omi àti aráàlú. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní cadrage. Ibẹ̀ la ti ń yan ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù, kí ìwé má baà pọ̀ rẹpẹtẹ lórí ohun tí kò tó nǹkan.

Àwa ará agbègbè Atakpamé ní àpẹẹrẹ kan nítòsí: barrage Nangbéto, odi ńlá tí wọ́n fi sé odò Mono. Togo àti Benin ló jọ ń jẹ iná rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987, agbára rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́gáwáàtì 65. Nítorí adágún rẹ̀, ó lé ní 10,000 èèyàn tó ṣí kúrò nílé.

Wọ́n ka ilé, wọ́n sì kọ́ òmíràn. Ṣùgbọ́n ṣé ilé nìkan ni àgbẹ̀ fi ń jẹun? Níbi tí ọ̀pọ̀ wọn lọ, bí ìdílé ṣe ń pọ̀ sí i, ilẹ̀ ń há. Oko tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ kó sinmi kò rí àyè sinmi mọ́, irè oko sì ń dín kù. Nísàlẹ̀ odò náà, omi tó máa ń fà nígbà ẹ̀rùn wá ń ṣàn yípo ọdún, ìyẹn sì kan ẹja àti apẹja títí dé etí òkun.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́rin la gbọ́dọ̀ bi ara wa kí wọ́n tó ya àwòrán iṣẹ́ tán:

1. Ta ló ń lo ilẹ̀ àti omi yìí, títí kan àwọn obìnrin àti àwọn tí kò níwèé ilẹ̀?
2. Ta ni iṣẹ́ náà máa kàn níbi tó jìnnà?
3. Báwo ni nǹkan ṣe máa rí lẹ́yìn ogún ọdún?
4. Ṣé ibòmíràn tàbí ọ̀nà míì wà?

Òfin àyíká Togo ti 2008 béèrè fún ìwádìí yìí, ANGE ló sì ń bójú tó o. Tí wọ́n bá pè yín sípàdé, ẹ má kàn lọ jókòó. Ẹ sọ̀rọ̀ níjọ́ àkọ́kọ́, torí pé bí odi bá ti dúró, owó gbà-má-bínú ló kù tá a máa máa jà lé lórí.