‘Rí’ àti ‘Ẹ̀rí’: Ọ̀rọ̀ Ojú nínú Ìtàn Ilẹ̀ ní Ìsùàdà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú pépà yìí ni ipa tí ọ̀rọ̀ kékeré kan, rí, ń kó nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu. Ìsùàdà, ní ẹkùn Ọ̀wọ̀, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Níbi tí oko ti jẹ́ ogún ìdílé, ẹnu àgbà ni ìwé ilẹ̀.

Bí àgbà bá ní, ‘Mo rí i,’ ojú ni ó fi rí i. Bí ó bá ní, ‘Ojú wa rí nǹkan,’ ìyà ni ó ń sọ. ‘Wọ́n ti dáko níbẹ̀ rí’ tún yàtọ̀: rí ibí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe, ó fi hàn pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, kò sọ ẹni tí ó ṣojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ‘Wọ́n rí ilẹ̀ níbẹ̀’ lè túmọ̀ sí pé ilẹ̀ náà di tiwọn, bí ẹni tí ó rí owó ti di olówó. Bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ bí àfojúrí lásán, a ti sọ ìdílé kan di èrò ọ̀nà lórí ilẹ̀ tí wọ́n jogún.

Láti ara rí ni a ti ṣẹ̀dá ẹ̀rí. Síbẹ̀, ẹni tí ó ń jẹ́rìí sí bí baba ńlá rẹ̀ ṣe dá oko sílẹ̀ kò sí níbẹ̀. Òfin pàápàá gba èyí. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ní 1976, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Nàìjíríà ka ìtàn àbáláyé mọ́ ọ̀nà 5 tí a lè gbà fi ìdí níní ilẹ̀ múlẹ̀. Ṣáájú èyí, ní 1957, nínú ẹjọ́ Kojo II àti Bonsie tí ó wá láti ilẹ̀ Gánà, àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ti sọ pé bí ìtàn méjì bá takora, ìṣesí ẹlẹ́rìí kò tó; ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ ni kí a fi dán wọn wò.

Nítorí náà, kò yẹ kí olùwádìí dúró lórí ‘A rí i.’ Kí ó bèèrè pé, ‘Bàbá, ṣé ó ṣojú yín ni? Ẹnu ta ni ẹ ti gbọ́ ọ? Ta ni ó ń dáko níbẹ̀ lẹ́yìn náà?’ Kí ó sì kọ gbólóhùn àgbà náà sílẹ̀ ní Yorùbá gan-an, kí ó tó túmọ̀ rẹ̀.