Ìfojúsọ́nà àti Ìrora: Ẹ̀rí Tí Òòfà Mú Jáde Nínú Ọpọlọ

Ohun tí aláìsàn ń fojú sọ́nà fún wà lára ohun tó ń pinnu bí ìrora yóò ṣe le tó lára rẹ̀. Àríyànjiyàn mi ni pé àwòrán ọpọlọ nìkan kò tó láti fi ìdí èyí múlẹ̀. Àfi kí a dá iṣẹ́ ọpọlọ fúnra rẹ̀ dúró díẹ̀, kí a wo ohun tí yóò yí padà.

Pé ìtura yìí kì í ṣe àròsọ ti hàn tipẹ́. Ní 1978, Levine, Gordon àti Fields ní California ṣe ìwádìí láàrin àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín fún. Àwọn kan rí ìtura láti ara oògùn tí kò ní èròjà kankan nínú. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní naloxone, oògùn tó ń dí mọ́fíìnì lọ́wọ́, ìrora wọn le sí i. Ó jọ pé ara wọn ló ti ń pèsè apàrora tirẹ̀. Ní 2004, Tor Wager àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yàwòrán ọpọlọ àwọn tí wọ́n fi ìpara lásán pa lára, tí wọ́n sì sọ fún pé yóò dín ìrora kù. Bí wọ́n ṣe ń retí ìrora, iwájú ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan. Nígbà tí ìrora dé, àwọn apá tó máa ń jí sí ìrora rọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwòrán kàn ń fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ pọ̀ hàn ni, kò sọ èyí tó fa èkejì: bí ẹni méjì bá jọ wà nínú ilé, a kò tíì mọ ẹni tó ṣílẹ̀kùn. Ibí yìí ni òòfà ti wúlò. Láti 1985 tí Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé ọgbọ́n yìí jáde ní Sheffield ni a ti lè gbé wáyà kíká lé orí, kí agbára òòfà rẹ̀ gba inú agbárí kọjá, kó sì ru sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ láìsí iṣẹ́ abẹ. Bí a bá ń tún un ṣe léraléra, ó lè dí apá kan lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀. Ní 2010, Krummenacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Zurich lò ó lórí iwájú ọpọlọ lọ́tùn-ún àti lósì, kí wọ́n tó fi ooru dán ìfaradà àwọn olùkópa wò. Àwọn tí wọ́n lo òòfà àfarawé fún rí ìtura tí wọ́n ń retí. Àwọn tó gba òòfà gidi kò rí i. Ìwádìí Benedetti ní Ítálì ní 2006 gbè é lẹ́yìn: láàrin àwọn aláìsàn Alzheimer, àwọn tí iwájú ọpọlọ wọn kò bá àwọn apá yòókù ṣe pọ̀ dáadáa mọ́ ni ìtura tó ń ti inú ìfojúsọ́nà wá ti pòórá.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ yìí ń dún, ó sì ń gbá awọ orí. Òun náà lè gbin ìfojúsọ́nà. Nítorí náà, òòfà àfarawé gbọ́dọ̀ jọ ti gidi, kí a sì bi olùkópa léèrè èyí tó rò pé òun gbà. Bákan náà, iwájú ọpọlọ ń ṣiṣẹ́ ìrántí àti àfiyèsí; a kò gbọdọ̀ pè é ní ibùgbé ìfojúsọ́nà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 2011, Bingel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi remifentanil, apàrora tó lágbára, hàn pé ìrètí rere sọ agbára oògùn náà di ìlọ́po méjì, nígbà tí ìrètí búburú pa á rẹ́ pátápátá, bẹ́ẹ̀ oògùn kò yí padà. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní ń yọ ọfà lápó. Kí dókítà àti nọ́ọ̀sì ka ọ̀rọ̀ òtítọ́ tó ń fúnni nírètí sí ara ìtọ́jú. Kí àwa olùwádìí sì gbé ìbéèrè yìí kọjá ọ̀dọ̀ àwọn tí ara wọn le, lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ìrora ti ń bá fínra fún ọdún pípẹ́, nítorí àwọn ló nílò ìdáhùn rẹ̀ jù.