Àpò Ẹpọ̀n, Àpò Owó: Iṣẹ́ Abẹ Àtúnṣe ní Sókótó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Ní ẹ̀ka ìtọ́jú ètò ìtọ̀ àti kíndìnrín ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Usmanu Danfodiyo, tí gbogbo ìlú ń pè ní UDUTH, òwe náà dorí kodò: ohun tó wà nínú ṣòkòtò ló ń gbé àwọn ọkùnrin lọ sí Sókótó. Àgbẹ̀ ìrẹsì ń wá láti etí odò Rima, darandaran ń wá láti Zamfara, oníṣòwò ń wá láti Kebbi, àwọn mìíràn sì ń ré ẹnubodè kọjá láti orílẹ̀-èdè Niger. Àpò ẹpọ̀n tó wú, tó jẹrà tàbí tí ìjàǹbá fà ya ló kó wọn jọ.

Iṣẹ́ abẹ àtúnṣe àpò ẹpọ̀n ni ọgbọ́n tí dókítà fi ń dá awọ tó bo kóró ẹpọ̀n méjèèjì padà sí ipò lẹ́yìn tí àrùn, iná tàbí ìjàǹbá bá ti bà á jẹ́. Awọ yìí kì í ṣe awọ lásán. Ó fẹ́lẹ́, ó hunjọ, kò ní ọ̀rá lábẹ́, iṣan kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń fún un pọ̀ nígbà òtútù, tó ń tú u sílẹ̀ nígbà ooru, kí kóró lè fi ìwọ̀n 2 sí 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius tutù ju inú ara lọ. Ní ìlú tí ooru oṣù Kẹrin ti máa ń ju 40 lọ, iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ awọ náà sì yàtọ̀ sí èyí tó ń bọ́ kóró, nítorí pé inú ikùn ni ti kóró ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá, láti ara òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá. Ìdí rèé tí awọ fi lè kú tán, kí kóró ṣì wà láàyè. Bí kì í bá ṣe ti èyí ni, ohun tí oníṣẹ́ abẹ máa rí tún ṣe ì bá kéré gan-an.

Ohun tó wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó ń mú àpò wú ni ìpá. Orúkọ kan náà ni Yorùbá fi ń pe omi tó dá sínú àpò ẹpọ̀n àti ìfun tó sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, dókítà ló ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní Sókótó, gwaiwa ni àwọn Hausa ń pe irú wíwú bẹ́ẹ̀. Ìpá olómi lè ṣàdédé wá, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ olóoru, aràn tín-ín-rín kan tí wọ́n ń pè ní Wuchereria bancrofti wà lára ohun tó ń fà á jù. Ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri, pàápàá Anopheles, ẹ̀fọn kan náà tó ń gbé ibà kiri ní abúlé wa. Ọdún 1877 ni dókítà ọmọ Scotland kan, Patrick Manson, rí aràn náà nínú ẹ̀fọn nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Amoy ní Ṣáínà. Àgbà aràn ń gbé ojú ọ̀nà tí omi-ara ń gbà, ó ń bà á jẹ́, omi ò rí ibi gbà mọ́. Bó bá jẹ́ ti ẹsẹ̀, a máa ń pè é ní jàbùtẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò pé ọkùnrin tó ní ìpá aràn yìí tó mílíọ̀nù 25 káàkiri ayé, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ẹrù àrùn náà wúwo lé lórí jù.

Ìpá kì í yára pani, ìtìjú ló kọ́kọ́ ń fi jẹ ènìyàn. Babban riga, agbádá àwọn Hausa, fẹ̀ tó láti bo ohun tó tóbi bí àgbọn, nítorí náà ọkùnrin lè gbé e fún ọdún mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ yàtọ̀ sí ìyàwó rẹ̀. Bó bá pẹ́, awọ á le, á nípọn, á gbé okó mì, ìrìn á sì di ìnira. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún 1831, wọ́n gbé ọmọ Ṣáínà kan tó ní irú wíwú bẹ́ẹ̀, tí Lọ́ńdọ̀nù ń pè ní Hoo Loo, sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ní Guy's Hospital, lójú ọgọ́rọ̀ọ̀rún òǹwòran. Ohun tí wọ́n gé kúrò lábẹ́ rẹ̀ wúwo tó bíi kílò 25. Wọn kò tíì máa fi oògùn akunnilóorun ṣe iṣẹ́ abẹ níbẹ̀ nígbà náà. Orí tábìlì náà ló kú sí.

Oògùn tó ń dènà aràn náà, ivermectin àti albendazole, ọ̀fẹ́ ni. Iléeṣẹ́ Merck àti GSK ló ń fi tọrẹ, àwọn apínoògùn abúlé sì ń gbé e láti ojúlé dé ojúlé lọ́dọọdún. Ó ti so èso: ìpínlẹ̀ Plateau àti Nasarawa bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà ní 2017, ọdún yẹn kan náà sì ni Tógò di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní gúúsù Sàhárà tí WHO jẹ́rìí sí pé ó ti ṣẹ́gun rẹ̀. Àmọ́ ọmọ aràn inú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn yìí ń pa. Kò lè fa omi tó ti dá sílẹ̀ jáde. Ẹni tí ìpá rẹ̀ ti wú, abẹ nìkan ló kù fún un.

Iṣẹ́ abẹ náà kò le fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Dókítà á la àpò, á da omi nù, á gé awọ fẹ́lẹ́ tó ń sun omi kúrò tàbí kó yí inú rẹ̀ síta kó sì rán an, kí omi má bàa tún dá síbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di àtúnṣe ní kíkún ni èyí tí awọ rẹ̀ ti di bí èèpo igi. Oníṣẹ́ abẹ á kọ́kọ́ wá okó àti kóró méjèèjì rí nínú ẹran náà, á yọ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tìṣọ́ratìṣọ́ra, á gé ìyókù sọnù, lẹ́yìn náà ni á wá fi awọ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn rán àpò tuntun.

Àrùn kejì kì í rọra dé. Jean Alfred Fournier, dókítà ní Párís, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1883, orúkọ rẹ̀ ló sì ń jẹ́ títí dòní. Ó lè bẹ̀rẹ̀ bí eéwo kékeré tàbí ìyún lásán. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, awọ ti dúdú, ó ń rùn, ara aláìsàn ń gbóná, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lè máa dàrú. Àtọ̀gbẹ ló wà nídìí ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ní Nàìjíríà, a tún máa ń rí i lára ọkùnrin tí ojú ihò ìtọ̀ rẹ̀ ti fún pọ̀, bóyá nítorí àtọ̀sí tí kò wò dáadáa nígbà èwe, bóyá nítorí pé alùpùpù gbé e ṣubú. Ìtọ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde á ya sínú ẹran, kòkòrò àìfojúrí á sì bá a wọlé.

Kò sí àgbo fún èyí. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ní láti gé gbogbo ẹran tó ti kú, kí wọ́n fa oògùn apakòkòrò àti omi sí ara, kí wọ́n sì gbé aláìsàn padà sórí tábìlì láàárín ọjọ́ kan sí méjì láti wò ó bóyá jíjẹrà náà ṣì ń rìn. Nígbà tí wọ́n bá ṣe tán, kóró méjèèjì lè wà níta gbangba, láìní aṣọ, bí ọmọ tuntun.

Níbí ni oyin ti wọ ìtàn. Ní Calabar, oníṣẹ́ abẹ S. E. E. Efem tẹ ìwádìí kan jáde ní 1993 lórí aláìsàn 20 tó fi oògùn apakòkòrò àti oyin tó ń dà sójú egbò tọ́jú. Oyin ń fa omi kúrò lójú egbò, kòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ lè gbé inú rẹ̀, ẹran tó ti kú a sì máa ṣí kúrò. Lójú ẹni tó mọ iye tí oògùn òkè òkun jẹ́, kì í ṣe ìmọ̀ ìṣègùn nìkan nìyẹn, ìmọ̀ ọjà ni pẹ̀lú.

Bí egbò bá ti mọ́, tí ẹran pupa ti yọ, ó kan bíbò. Bí awọ tó ṣẹ́kù bá tó ìdajì, wọ́n lè fà á pọ̀ kí wọ́n rán an, nítorí awọ àpò ń nà ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Bí kò bá tó, àwọn kan á gbẹ́ àpò kékeré sínú awọ itan, wọ́n á fi kóró pamọ́ síbẹ̀ bí ẹni fi owó pamọ́ sábẹ́ ẹní. Ó ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n ooru itan kò bá àtọ̀ lára mu. Ọ̀nà kẹta ni kí wọ́n bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára itan, kí wọ́n lu ú níhò bí asẹ́, kí wọ́n sì tẹ́ ẹ bo ibẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ rán kóró méjèèjì mọ́ra kí wọ́n má bàa yà sí ọ̀tún àti òsì. Ihò asẹ́ yẹn á jinná, á hunjọ, á sì jọ awọ àtijọ́ débi pé ẹni tí kò mọ̀ lè má fura. Ọ̀nà kẹrin ni kí wọ́n yí awọ ẹ̀gbẹ́ itan tòun tẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá bò ó. Bí kóró bá ti yè, ọkùnrin náà ṣì lè bímọ.

Owó wá ńkọ́? Aláìsàn tó ń sanwó láti àpò ara rẹ̀ kì í rí bíìlì kan ṣoṣo. Yóò ra káàdì. Yóò san ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti ṣúgà. Ẹbí yóò wá ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Owó tíátà, owó akunnilóorun àti owó bẹ́ẹ̀dì á tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ìwé pélébé tí wọ́n kọ ìbọ̀wọ́, òwú tí wọ́n fi ń rán ara àti rọ́bà ìtọ̀ sí. Láti 2015 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí owó gbogbo iléeṣẹ́ rẹ̀ máa wọ àpò kan ṣoṣo. Àpò tó ń san án ni kò ṣe é kà. Ohun tó sì ń tán owó jù nínú àrùn Fournier lè máà jẹ́ abẹ rárá. Egbò wíwẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni, gọ́ọ̀sì lórí gọ́ọ̀sì, àti oúnjẹ ẹni tó ń sùn sí ìta wọ́ọ̀dù láti tọ́jú rẹ̀.

Ìyàtọ̀ wà láàárín àrùn méjèèjì tí tábìlì owó kò mọ̀. Onípàá lè kórè, kó ta ìrẹsì, kó wá. Ẹni tí Fournier mú kò lè dúró de ọjọ́ ọjà. Kí á máa ka rìsíìtì ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ ẹni àkọ́kọ́, kò yẹ ẹnì kejì rárá.

Adójútòfò ìlera ló yẹ kó gba ibẹ̀ wọlé. Òfin 1999 ló dá a sílẹ̀, ètò náà gbéra ní 2005, nígbà tó sì di oṣù Karùn-ún ọdún 2022, òfin tuntun tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ó sì dá owó ìrànwọ́ sílẹ̀ fún aláìní. Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ló ń gbé e lọ sókè, wọ́n á gba kóòdù àṣẹ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń bójú tó o, òun yóò sì san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn. Ìpínlẹ̀ Sókótó ní tirẹ̀, SOCHEMA. Òṣìṣẹ́ ìjọba mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹni tó ń fi oko jẹun ni ọ̀nà náà ṣì jìn sí.

Ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà ló ń sọ̀rọ̀. Ìwé kóòdù CPT, tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1966, fún àtúnṣe àpò ẹpọ̀n ní nọ́ńbà méjì: 55175 fún èyí tó rọrùn, 55180 fún èyí tó díjú. Gígé ẹran tó ti jẹrà ní ibẹ̀ ní tirẹ̀, 11004. Awọ tí wọ́n bó lára itan tún ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú àkọsílẹ̀ dókítà, bóyá “ó rọrùn” tàbí “ó díjú”, lè yí owó padà, iléeṣẹ́ adójútòfò a sì máa béèrè bóyá ìwòsàn ni àbí oge. Ní Ìlú Ọba, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kì í rí bíìlì. Àlejò tó wá kí ọmọ ní Peckham tí wọ́n sì dá dúró sí wọ́ọ̀dù lè rí i, àádọ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún iye tí NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, fi ń ṣírò.

Ohun tó yani lẹ́nu jù ò sí lókè òkun o, Sókótó níbẹ̀ náà ló wà. Láti 1999 ni ìlú náà ti ní ilé ìwòsàn noma, àrùn tó ń jẹ ojú ọmọ tí ebi ti sọ di aláìlágbára. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláìláàlà, MSF, ti ń ràn án lọ́wọ́ láti 2014. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tún ojú ṣe níbẹ̀. Mulikat Okanlawon, ọmọbìnrin Yorùbá tí wọ́n tún ojú rẹ̀ ṣe níbẹ̀, di òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà, ó sì wà lára àwọn tó dá Elysium, ẹgbẹ́ àwọn tó yè bọ́ lọ́wọ́ noma, sílẹ̀. Nàìjíríà ló ṣáájú àwọn tó bẹ WHO, wọ́n sì fi noma sínú ìwé àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a pa tì ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ní ilé ìwòsàn Maryam Abacha, ní ìlú kan náà, wọ́n ń dí ihò tí ìbímọ líle ń fi sára obìnrin tí ìtọ̀ fi ń dà. Owó ilẹ̀ òkèèrè ti gbé iṣẹ́ náà ró fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ojú ọmọ ní alágbàtọ́, abẹ́ ìyá ní alágbàtọ́. Àpò ẹpọ̀n bàbá kò rí irú alágbàtọ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìpá aràn wà nínú ìwé àrùn tí a pa tì yẹn ṣáájú noma. Wọ́n máa ń ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní ìpínlẹ̀ kan tàbí òmíràn, wọ́n á kó àga, wọ́n á lọ. Ó tọ́ kí ìpínlẹ̀ Sókótó àti SOCHEMA fi ìpá àti Fournier sínú ohun tí aláìní kò ní sanwó rẹ̀, kí owó Fournier fún ẹni tó lè san sì jẹ́ iye kan ṣoṣo tí wọ́n á béèrè lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Ní ti ìwọ tó ń ka èyí: bí ẹpọ̀n rẹ bá wú lójijì, tó ń ta ọ́, tí awọ ibẹ̀ sì ń ṣú dúdú, má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Lọ lálẹ́ ọjọ́ náà.