Òrùka Senicianus àti Èpè Silvianus

Kì í ṣe ohun titun létí wa pé kí òrùka jẹ́ ẹ̀rí. Fáráò bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀, ó fi í sí ọwọ́ Jósẹ́fù, gbogbo Íjíbítì sì mọ̀ pé àṣẹ ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá níhìn-ín pẹ̀lú, kí ìwé tó dé, àrokò ni àwọn bàbá wa fi ń ránṣẹ́. Ẹni tí a bá sì fi edan Ògbóni pè kò gbọdọ̀ ṣàì jẹ́ ìpè náà.

Ní ọdún 1785 ni a rí òrùka wúrà kan he nínú oko ní tòsí Silchester, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìlú àwọn ará Róòmù kan ti wà rí. Ìwọ̀n rẹ̀ tó giramu 12. Orí Fénúsì, òrìṣà obìnrin àwọn ará Róòmù, ni a gbẹ́ sí ojú rẹ̀, a sì kọ orúkọ òrìṣà náà ní òdìkejì, kí ó lè tọ́ nígbà tí a bá fi í tẹ èdìdì sórí ìda. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn lẹ́tà tí Henry Townsend fi tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní 1859: òdì ni wọ́n wà lára irin, orí ìwé ni wọ́n ti tọ́.

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, a fín ọ̀rọ̀ mìíràn yí òrùka náà ká, ní èdè Látìnì, pé kí Senicianus kí ó yè nínú Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ náà ṣe àṣìṣe: ó kọ lẹ́tà kan ní ẹ̀ẹ̀mejì, àyè kò sì gbà á mọ́ láti kọ orúkọ Ọlọ́run tán.

Ibòmíràn ni ìyókù ìtàn náà wà. Ní Lydney, lẹ́bàá odò Severn, tẹ́ńpílì òrìṣà kan wà tí a ń pè ní Nodens. Níbẹ̀ ni a ti rí òjé pẹlẹbẹ kan, tí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Silvianus kọ èpè sí. Ó ní òrùka òun sọnù. Òun fi ìdajì iye rẹ̀ fún Nodens. Kí òrìṣà náà má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ń jẹ́ Senicianus ní ìlera títí yóò fi mú un wá sí tẹ́ńpílì.

Ǹjẹ́ òrùka kan náà ni bí? Àwọn ọ̀mọ̀wé kan gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ń ṣiyèméjì, nítorí pé kì í ṣe ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń jẹ́ Senicianus, òjé náà kò sì sọ bí òrùka náà ti rí. Ẹjọ́ Silvianus nìkan ni a gbọ́. Àwọn àgbà wa sì wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní ọ̀nà méjèèjì. Bí Senicianus bá jí i, a jẹ́ pé ó fi orúkọ Ọlọ́run bo olè mọ́lẹ̀. Wúrà tí a jí kò sì di mímọ́ nítorí ọ̀rọ̀ rere tí a fín sí i lára. Bí kò bá jí i, a jẹ́ pé Silvianus bẹ̀bẹ̀ fún àìsàn sórí aláìṣẹ̀. Kò ha sí irú àwọn méjèèjì láàárín wa? Ẹlòmíràn ń fi owó ẹlòmíràn ṣe ọrẹ nínú ìjọ. Ẹlòmíràn a gbàdúrà ní ọjọ́ Ìsinmi, bí ohun rẹ̀ bá sì sọnù ní ọjọ́ Ajé, a sá lọ ṣẹ́ èpè.

Òrùka náà wà ní ilé The Vyne, ní Hampshire, títí di òní. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ti kú, ẹni tí ó gégùn-ún ti kú. Ìkọ̀wé wọn nìkan ni ó kù. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí àwa náà ń kọ sílẹ̀ nípa ara wa.