Christopher Okigbo: Ọmọ Ìbàdàn tó kú ní òdìkejì ogun

Ogun abẹ́lé Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1967, ó sì parí ní oṣù Kìíní ọdún 1970. Àwọn tó bá a lọ kò lóǹkà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni a kò sì mọ orúkọ wọn mọ́, àfi nínú ilé tí wọ́n ti jáde. Orúkọ Christopher Okigbo kò pa rẹ́ ní tirẹ̀, nítorí pé akéwì ńlá ni kí ó tó gbé ìbọn. Kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún nígbà tí wọ́n pa á.

Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti lo ọ̀pọ̀ nínú ọdún ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá púpọ̀ sì wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tí ó bá jà. Báwo ni ó ṣe yẹ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá rántí irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Láti Ojoto dé Ìbàdàn

Ojoto, ní ìpínlẹ̀ Anambra òde òní, ni wọ́n ti bí i. Ó lọ sí Government College, Umuahia, lẹ́yìn náà ló wọ University College, Ibadan, ní ọdún 1950. Ìmọ̀ ìṣègùn ló kọ́kọ́ fẹ́ kọ́, ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀, ó bọ́ sí ìdí èdè Látìn àti Gíríìkì, ó sì jáde ní 1956. Ní 1958 ó di olùkọ́ ní Fiditi Grammar School, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Láti Fìdítì ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé yunifásítì tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní Nsukka, kí ó tó padà sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí aṣojú Cambridge University Press fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ìbàdàn ìgbà náà ni Mbari wà, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961. Ibẹ̀ ni Okigbo, Wọlé Ṣóyínká, J. P. Clark àti Ulli Beier ti ń pàdé. Mbari yìí ló gbé ìwé ewì rẹ̀ méjì jáde, Heavensgate ní 1962 àti Limits ní 1964.

Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni mbari. Ilé amọ̀ tó kún fún ère ni, èyí tí wọ́n máa ń kọ́ láti fi bọlá fún Ala, òrìṣà ilẹ̀. Nígbà tí Dúró Ládípọ̀ dá irú ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Òṣogbo, àwọn ará ìlú gbọ́ ọ̀rọ̀ náà sí Yorùbá, bí ẹni pé ẹnìkan ń sọ pé tí òun bá rí i, òun á yọ̀. Bí ó ṣe di Mbárí Mbáyọ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Ìgbò di ọ̀rọ̀ Yorùbá, ẹnikẹ́ni kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Irú Nàìjíríà tí Okigbo gbé nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ó bá wa ṣọ̀fọ̀

Ní oṣù Keje 1963, nígbà tí ẹjọ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣì wà ní kóòtù, jàǹbá mọ́tò pa Ṣẹ́gun, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin. Kí ọdún náà tó parí, Awólọ́wọ̀ ti wà lẹ́wọ̀n. Okigbo fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé pé ẹ̀wọ̀n yìí àti ikú ọmọ yìí ló bí ewì òun tó ń jẹ́ “Lament of the Drums”. Ó ní rògbòdìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti 1962 àti ikú Patrice Lumumba ló bí èkejì rẹ̀, “Lament of the Silent Sisters”.

Ẹ wò ó bí ó ti rí. Ọmọ Ojoto gbé ìlù ọ̀fọ̀ sókè nítorí ọmọ Ìkẹ́nnẹ́. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Awólọ́wọ̀ ni kọmíṣọ́nnà ìjọba àpapọ̀ fún ètò ìnáwó, Okigbo sì ti di ọ̀gágun Mejọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Biafra.

Bí ó ṣe dé ojú ogun

A kò lè lóye èyí láìwo ọdún 1966. Wọ́n gba ìjọba ní oṣù Kìíní, wọ́n tún gbà á padà ní oṣù Keje. Láàrin ọdún náà ni wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará Ìlà-Oòrùn, tó jẹ́ pé Ìgbò ló pọ̀ jù nínú wọn, ní Àríwá. Àìmọye àwọn tó kù ló kó ẹrù wọn padà sílé, Okigbo náà sì fi Ìbàdàn sílẹ̀. Ní Enugu, òun àti Chinua Achebe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ilé ìtẹ̀wé tí wọ́n pè ní Citadel Press. Ogun dé, ó sì wọṣẹ́ ológun.

Láàrin oṣù díẹ̀ sí ìgbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ni ó kú ní agbègbè Nsukka, ìlú tí ó ti ń tọ́jú ìwé rí. Inú ọkọ̀ ni Achebe wà nígbà tí ó gbọ́ ọ lórí rédíò. Nígbà tí ó délé tí ó sọ ọ́, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, figbe ta, ó ń bẹ bàbá rẹ̀ pé kó má jẹ̀ẹ́ kí Okigbo kú. Igbe ọmọ náà ló di àkọlé ìwé ewì ìrántí tí Achebe àti Dubem Okafor kó jọ ní 1978: Don't Let Him Die.

Ẹjọ́ akéwì

Ní 1971, Ali Mazrui kọ ìtàn àròsọ kan, The Trial of Christopher Okigbo, nínú èyí tí wọ́n ti ń ṣẹjọ́ Okigbo ní ọ̀run pé ó fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ṣáájú iṣẹ́ ọnà rẹ̀. Ẹ̀sùn náà lágbára, torí ewì tí ó ì bá kọ kò ní í wáyé mọ́. Àmọ́ ó rọrùn fún ẹni tí wọn kò lé kúrò níbì kan láti sọ pé kí akéwì jókòó ti kálàmù rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń pa àwọn èèyàn rẹ̀ kì í ṣe akéwì nìkan mọ́.

Ẹlòmíràn á bèèrè pé àwọn ọmọ tiwa tó kú lábẹ́ àsíá Nàìjíríà ńkọ́, ta ló kéwì fún wọn? Ìbéèrè tó tọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí a gbàgbé Okigbo. À ń yin Adékúnlé Fájuyì títí dòní nítorí pé òun àti àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, ni wọ́n jọ pa ní 1966, a kì í sì í bèèrè ìdí tí ọmọ Èkìtì fi bá ọmọ Ìgbò kú. Bí a bá lè yin ìyẹn, ó yẹ kí a lè ṣọ̀fọ̀ ẹni tó bá wa ṣọ̀fọ̀.

Láti ṣọ̀fọ̀ ẹnìkan kò túmọ̀ sí pé a fara mọ́ ogun tí ó jà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a mọ ohun tí ogun náà gbà lọ́wọ́ wa. Àwọn ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ tó ṣẹ́ kù ti wọ àkọsílẹ̀ ìrántí àgbáyé ti UNESCO láti 2007. Àwọn ọmọ ogun yòókù kò ní irú àkójọ bẹ́ẹ̀, bóyá Biafra ni wọ́n jà fún tàbí ìjọba àpapọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ wá Labyrinths kà. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá délé, ẹ bi àwọn àgbà léèrè ẹni tó lọ sógun láti agbo ilé yín tí kò padà. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, iṣẹ́ tí ó ń ṣe kí ó tó lọ, àti ibi tí wọ́n ti gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń dàgbà lọ.