Ìtàn Ọ̀nà Afẹ́fẹ́ Ẹ́ńjìnnì Láti Savalou Dé Bantè

Ọ̀nà ńlá tó ti Dassa wá sí Savalou, tó sì la Bantè àti Bassila kọjá kó tó forí sọ Djougou, kò ní rélùwéè tí í bá a pín ẹrù rù, nítorí pé Dassa àti Savè ni èyí tí àwọn Faransé là gbà dé Parakou. Bẹ́ẹ̀ ni iṣu àti kájú ilẹ̀ Ìṣà, ní agbègbè Bantè, ṣe di ẹrù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, pàápàá Peugeot 404, tó jáde ní 1960, ọdún tí Dahomey, tí à ń pè ní Benin lónìí, gba òmìnira, àti àbúrò rẹ̀, 504, tó tẹ̀lé e ní 1968. Kí ọ̀dà tó dé ojú ọ̀nà náà, erùpẹ̀ pupa rẹ̀ a máa bo ewé àti ènìyàn mọ́lẹ̀ nígbà ọyẹ́, nínú rẹ̀ náà sì ni ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti rí afẹ́fẹ́ fà.

Afẹ́fẹ́ kì í ṣe ohun kékeré lọ́dọ̀ ọmọ Ògún lákáayé yìí. Epo kílò 1 ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó súnmọ́ kílò 15 kó tó jóná tán, kábúrétọ̀ ni ó sì ń po méjèèjì pọ̀, irinṣẹ́ tí Maybach ní Jámánì, àti Bánki pẹ̀lú Csonka ní Họ́ngárì, sọ di ohun tí ń fín epo wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní nǹkan bí 1893. Ohun tí a wá so mọ́ ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ìdí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bí wọn: eruku ló bí abọ́ ọ́ìlì tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́, tí asẹ́ bébà rọ́pò nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òtútù ló bí páìpù tí ń fa afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀sọ́ọ̀sì, kí yìnyín má baà dì sí ọ̀fun kábúrétọ̀, òfin èéfín, tó kọ́kọ́ múlẹ̀ ní California ní nǹkan bí 1961, ló bí rọ́bà tí ń kó èéfín ikùn ẹ́ńjìnnì padà fún un láti jó. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ní ògbólógbòó ọkọ̀ tó tún jẹ́ ilé, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Winnebago bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1966, a máa bá gbogbo rẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, wọn a sì máa wá èyí tí wọn yóò yọ sọnù. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Irú ẹrù kan náà ló dé Benin lára 404 àti 504 àlòkù tó gúnlẹ̀ sí èbúté Cotonou, àti èyí tí àwọn Òyìnbó wà la Sàhárà kọjá wá tà: aṣọ òtútù ni wọ́n gbé wọ ilẹ̀ ooru. Mẹkáníìkì tó yọ páìpù gbígbóná yìí, tó sì dí ojú ihò rẹ̀ pinpin, kò jẹ̀bi lójú tèmi, nítorí afẹ́fẹ́ tó ti gbóná a máa fúyẹ́, agbára ẹ́ńjìnnì a sì dín kù. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó yọ abọ́ ọ́ìlì mọ́ ọn, ariwo ni ó ń pè ní agbára. Ẹ tú nọ́ọ̀tì elétí méjì orí abọ́ náà nígbà tí ọkọ̀ bá ti Bassila dé nínú ọyẹ́, kí ẹ ti ìka bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀: ẹrẹ̀ pupa tó ki pọ́pọ́ ni yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Bí eruku yìí bá ráyè wọlé, yóò ha ara sílíńdà, yóò jẹ ríǹgì písítìnì, ọ́ìlì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jó, èéfín aláwọ̀ aró yóò sì máa tẹ̀lé ọkọ̀ lẹ́yìn. Abọ́ kan náà ni í dá iná dúró nígbà tí kábúrétọ̀ bá tutọ́ iná padà. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì sì ti fi abọ́ náà sínú ìṣirò nígbà tí wọ́n ń pinnu bí ojú ihò epo yóò ti fẹ̀ tó.

Lónìí, kábúrétọ̀ ti kúrò nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ara àwọn alùpùpù akérò tí wọ́n ń pè ní zemidjan àti jẹnẹrétọ̀ kéékèèké ló kù sí, fóòmù inú àpótí afẹ́fẹ́ wọn sì ni àwọn ọmọṣẹ́ ń fọ̀, tí wọ́n ń fi ọ́ìlì díẹ̀ rin, kí wọ́n tó dá a padà sí àyè rẹ̀.