Ikú Gáà Kò Tún Ọ̀yọ́ Ṣe

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé kí ìkà rántí ikú Gáà. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà ju ti ìkà lọ. Iṣẹ́ Ọ̀yọ́ Mèsì ni láti káwọ́ ọba kò. Láti 1754 ni Baṣọ̀run Gáà sọ iṣẹ́ yìí di ìjọba ara rẹ̀, ó ń fi ọba jẹ, ó sì ń pa ọba. Ní 1774, Aláàfin Abíọ́dún àti Kakaǹfò Ọ̀yábì ṣẹ́gun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa káwọ́ ọba kò láìdi Gáà kejì? Wọn kò yanjú èyí. Abíọ́dún wàjà ní 1789. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí Baṣọ̀run àti Kakaǹfò fi kọ Aláàfin Awólẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, Ọ̀yọ́ pa ejò, kò dí ihò.